Ta là ń fi rẹ́rìn-ín?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín láti Òṣogbo pé kí ìjọba fòfin de gbogbo fíìmù tó ń fi Hitler, Ku Klux Klan (ẹgbẹ́ òyìnbó Amẹ́ríkà tó kórìíra aláwọ̀ dúdú) àti àwọn tó ń so bọ́ǹbù mọ́ra ṣe àwàdà. Ó ní ẹni tó bá lè rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ti ṣàn, àánú ti tán nínú onítọ̀hún. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára díẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń kà á lọ ni mò ń rí i pé ẹni wa yìí gbọ́ ìròyìn àwọn fíìmù yẹn lásán ni, kò jókòó wò wọ́n. Òkú kọ́ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Apààyàn ni.

Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni mò ń ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mayfair nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, Ifẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, Ifẹ̀ ló sì ń bọ́ mi. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn ọmọ yunifásítì tí mò ń gẹrun fún a sì máa kó fíìmù wá fún mi, èmi náà á gbé e sí i kó má baà sú àwọn tí kò tíì kàn. Èyí tó bá jẹ́ ti òyìnbó, ẹni tó bá gbọ́ èdè náà jù níjókòó ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ fáwọn yòókù. Nígbà míì, ìtumọ̀ ọ̀hún a máa dùn ju fíìmù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó kan iṣẹ́ mi. Lọ́dún 1940, aláwàdà Charlie Chaplin gbé fíìmù The Great Dictator jáde. Òun nìkan ló ṣe ẹni méjì nínú rẹ̀: Hynkel, apàṣẹwàá tí ọmọdé pàápàá mọ̀ pé Hitler ni, àti onígbàjámọ̀ kan tó jẹ́ Júù, tí ojú àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Irunmú kan náà ni wọ́n dá sí. Irunmú yẹn, tí wọ́n fá lọ́tùn-ún fá lósì tó wá ku bíńtín lábẹ́ imú, Chaplin ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ṣàwàdà láti 1914, nígbà tí ayé kò tíì mọ ẹni tó ń jẹ́ Hitler. Ọdún 1889 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, nínú oṣù kẹrin, ọjọ́ mẹ́rin péré ni Chaplin sì fi ṣẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó tíì jókòó sórí àga mi tó ní kí n dá irunmú bẹ́ẹ̀ sí fún òun. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ba àrà yẹn jẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́.

Ibì kan wà nínú fíìmù náà tí mo máa ń dá padà wò. Onígbàjámọ̀ yẹn ń fá irùngbọ̀n oníbàárà kan, rédíò ń kọ orin ijó kan tí Brahms ará Jámánì ṣe, bí orin ṣe ń sáré ni abẹ ń sáré, bí orin ṣe ń rọra ni abẹ ń rọra. Wọn kò gé e já níbì kankan. Ọmọṣẹ́ mi ní òun náà lè ṣe é. Mo ní kó kọ́kọ́ fi irùngbọ̀n ara rẹ̀ dán an wò. Ẹni tó bá mọ abẹ á mọ̀ pé ẹ̀rù gidi ló wà nínú ẹ̀rín yẹn, nítorí ọ̀fun ọmọ èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń jó.

Níbòmíràn, Hynkel àti apàṣẹwàá kejì tó ń jẹ́ Napaloni, Mussolini, apàṣẹwàá Ítálì, ni wọ́n fi ṣe yẹn, jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan kò fẹ́ kí èkejì ga ju òun lọ. Bí eléyìí bá gbé àga rẹ̀ sókè, tọ̀hún á gbé tirẹ̀, títí orí àwọn méjèèjì fi ń wá àjà kiri. Ọ̀rọ̀ ogun ni wọ́n fẹ́ jọ sọ o! Alàgbà kan tó ń retí kí ó kàn án, tí mo mọ̀ pé ó máa ń jókòó sí ìpàdé àwọn àgbà àdúgbò, wò ó tán, ó ní, "Ọmọ mi, a ní àga yẹn níbí náà." Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó lè gbé kílípà padà sórí ẹni tó wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ará Òṣogbo yẹn bá mi rò nìyí. Mo ń gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ, nítorí orí wọn ló ń wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kọ́ ìkórìíra kì í fi àlàyé mú ọmọdé. Wọn kì í mọ nǹkan kan nípa àlàyé rẹ̀. Ìyan fanda, aṣọ ológun, ọ̀pọ̀ èèyàn tó nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ọkùnrin kan tó ń pariwo tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáhùn, ìyẹn ló ń dùn mọ́ wọn. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń fi fídíò Hitler hàn mí lórí fóònù rẹ̀, wọ́n ti fi orin tó ń lù kìkì sí i lábẹ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo ọkùnrin!" Tí mo bá ka iye Júù tó kú fún un, á mi orí, á ní àánú ṣe òun, á sì tún fi fídíò míì hàn mí. Mílíọ̀nù mẹ́fà kò tó láti ba ọkùnrin yẹn jẹ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ló bá Chaplin pàdé lára ògiri. Hynkel dé orí pèpéle, ó ń bú ramúramù ní èdè kan tó jọ èdè Jámánì tí kì í ṣe èdè kankan, ó pariwo débi pé ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ sí tẹ̀ kọdọrọ sẹ́yìn, ó ń sá fún un. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ pé ó di wòlíì láti ọjọ́ yẹn. Àmọ́ kò fi fídíò yẹn hàn mí mọ́. Bóyá ibòmíràn ló ń lọ fi hàn wọ́n.

Ẹ̀rù ni ọjà àwọn oníkòórìíra, iyì tó wà nínú ẹ̀rù ni wọ́n ń tà. Bí ẹ bá bú wọn, ẹ bá wọn polówó. Bí ẹ bá sunkún níwájú wọn, inú wọn á dùn. Èyí tí wọn kò lè gbà ni kí ọmọ kékeré máa sín wọn jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n fi fíìmù náà hàn ní Jámánì àti láwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà.

(Ní ìparí fíìmù, wọ́n ṣi onígbàjámọ̀ mú fún apàṣẹwàá, ó bá gun pèpéle, ó wàásù àlàáfíà fún gbogbo ayé. Gbogbo ayé ló ń yin ọ̀rọ̀ yẹn. Lójú tèmi, ó gùn jù. Níbẹ̀ gan-an ni àwọn oníbàárà mi máa ń gbé fóònù wọn.)

Ibi tí ará Òṣogbo ti jàre ni mo fẹ́ dé báyìí. Chaplin fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1964 pé ká ní òun ti mọ bí nǹkan ṣe burú tó nínú àwọn àgọ́ tí wọ́n ti ń pa Júù, òun kì bá tí lè ṣe fíìmù náà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àmọ́ ẹ wo ìgbà tó ṣe é. Oṣù kẹsàn-án 1939, tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Amẹ́ríkà kò dá sí ogun náà títí di ìparí 1941. Àwọn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti kọ́kọ́ sọ pé àwọn kò ní jẹ́ kí wọ́n fi hàn lọ́dọ̀ àwọn, kí inú Hitler má baà ru. Ní àsìkò yẹn, àwọn tó ní ká má fi Hitler rẹ́rìn-ín kì í ṣe nítorí òkú Júù. Òwò àti ìfòyà ni.

Lọ́dún 1942, Lubitsch, Júù tí wọ́n bí ní Berlin, ṣe To Be or Not to Be, nípa àwọn òṣèré orí ìtàgé ní Warsaw, olú-ìlú Pólàńdì, tí wọ́n fi aṣọ Násì, ẹgbẹ́ Hitler, tan Násì jẹ. Àwọn oníwèé ìròyìn bínú sí i nígbà náà, wọ́n ní Pólàńdì ń jóná lọ́wọ́ tí èèyàn ń ṣàwàdà. Jack Benny ló ṣe olórí òṣèré níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ lọ wo fíìmù náà, ó rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ Násì, ó dìde, ó bínú jáde. Ọmọ bẹ̀ ẹ́, ó ṣàlàyé fún un pé àwọn Násì gan-an ni àwọn ń bá jà níbẹ̀. Bàbá padà lọ jókòó wò ó dópin, ó sì tún ń padà lọ wò ó. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn. Ó ṣe bíi ti ará Òṣogbo wa lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ ó padà wọlé.

Mel Brooks tó ṣe The Producers ní 1967, tó fi orin àti ijó sọ Hitler di ẹni ẹ̀sín lórí ìtàgé, Júù ni òun náà, ó sì ti ṣe sójà Amẹ́ríkà nínú ogun yẹn, nínú ikọ̀ tó ń hú bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ta ló wá fẹ́ kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bó ṣe yẹ kó bọ̀wọ̀ fún òkú?

Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí àwọn aláwàdà lọ láìjìyà. Ẹ̀rín kan náà ni àwọn apààyàn fi ń palẹ̀ mọ́. Ìwé ìròyìn Der Stürmer tí Julius Streicher ń tẹ̀ ní Jámánì, àwòrán ẹ̀fẹ̀ ló kún inú rẹ̀, Júù onímú gígùn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, títí ojú àwọn ará ìlú fi mọ́ra. Wọ́n so Streicher kọ́ ní 1946. Ní Rùwáńdà, rédíò kan wà tó ń jẹ́ RTLM. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí orin ibẹ̀ dùn, àwọn olóòtú ètò rẹ̀ sì ń dápàárá bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré. Nínú àpárá yẹn ni wọ́n ti ń pe àwọn ẹ̀yà Tutsi ní aáyán. Lọ́dún 1994, láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, nǹkan bí 800,000 èèyàn ni wọ́n pa, rédíò yẹn sì ń ka orúkọ àti ibi tí wọ́n á ti rí àwọn èèyàn.

Nítorí náà, kí a tó bi ara wa bóyá ó yẹ ká rẹ́rìn-ín, ẹni tí a ń fi rẹ́rìn-ín ni kí á kọ́kọ́ wò. Ẹ wo àwọn sikíìtì tó kún inú fóònù wa. Haúsá nínú rẹ̀, mẹ́gáàdì tí kò gbọ́n ni. Íbò nínú rẹ̀, á ta ìyá rẹ̀ bí owó bá pé. Ọmọge láti Cotonou, ilé ẹlòmíràn ló fẹ́ dà rú. Ọmọ tó ń ṣe é kò ní nǹkan kan lọ́kàn, owó dátà ló ń wá. Mo mọ̀. Àmọ́ mo wà ní Ifẹ̀ níbí ní oṣù kẹta 2017, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Sábó láàárín Yorùbá àti Haúsá. Àwọn tí mò ń gẹrun fún láti Sábó kò yọjú sí mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn tó yọjú láti ìgboro ń sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa Haúsá ni mo ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ nínú àwàdà. Ẹ̀rín nìkan ló ti kúrò nínú rẹ̀. Ti Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, láti 1997 títí di 2000, ẹ jẹ́ kí n má tú u. Àwọn méjèèjì ló ń jókòó sórí àga mi lónìí. Ọmọ kékeré kan tó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wá bi mí ní ìbéèrè kan nípa àwọn ará òdìkejì, bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe báyìí báyìí. Mi ò ní tún un sọ nínú ìwé ìròyìn. Ọmọ náà kò tíì lo ọdún mẹ́wàá láyé, ìjà náà sì ti parí kí wọ́n tó bí i. Ta ló sọ fún un?

Nígbà tí mo wo Jojo Rabbit, tó jáde ní 2019, ọmọ yẹn ni mo ń rántí. Ọmọ Jámánì ọlọ́dún mẹ́wàá kan tó ní Hitler ni ọ̀rẹ́ òun. Hitler ọ̀hún, nínú ọkàn ọmọ náà nìkan ló wà, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé, ó ń bínú bí ọmọdé. Taika Waititi tó darí fíìmù náà ló ṣe Hitler yẹn fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Maori, àwọn onílẹ̀ New Zealand, ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ Júù lára. Wọ́n ti kọ́ ọmọ náà pé Júù máa ń hu ìwo. Ó wá bá ọmọbìnrin Júù kan tí ìyá òun gan-an fi pamọ́ sínú ilé, ó gbé ìwé àti pẹ́ńsù, ó ní kó ṣàlàyé bí Júù ṣe ń gbé. Ọmọbìnrin yẹn rí i pé òmùgọ̀ ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kún orí rẹ̀, ó bá ń pa irọ́ tó ju èyí tó ti gbọ́ lọ fún un, ọmọ náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọn kò sọ fún ọmọ náà pé irọ́ ni. Wọ́n jẹ́ kí irọ́ náà wú títí ó fi bẹ́ lójú ara rẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ̀rín nìkan ló wà níbẹ̀: nígbà tí bàtà ìyá rẹ̀ tí àwọn Násì so kọ́ yọ lójú àwòrán, ṣọ́ọ̀bù mi pa lọ́lọ́.

Mo tún wo BlacKkKlansman tí Spike Lee ṣe ní 2018 nípa ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú tó fi tẹlifóònù wọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, tó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní Colorado Springs, Amẹ́ríkà. Olórí ẹgbẹ́ náà ń fọ́nnu fún un lórí fóònù pé bí aláwọ̀ dúdú bá ti lanu ni òun á ti dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ọlọ́kadà kan níjókòó ní kí a dá ibẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá kù sọ́dọ̀ tiwa. Ẹ má sọ fún mi pé Yorùbá kò ní irú rẹ̀. Hubert Ogunde ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba ìwọ̀ oòrùn fòfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ ṣeré mọ́ nílẹ̀ yìí, títí ìjọba ológun fi tú u sílẹ̀ ní 1966. Ní 1977, nínú yunifásítì ìlú yìí, Wọlé Ṣóyínká gbé Opera Wonyosi sórí ìtàgé, ó fi Bokassa, olórí Central African Republic, tó ń dé ara rẹ̀ ládé ọba lórí ọba ṣe ẹlẹ́yà. Ará ilé wa ní Iléṣà, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tó papò dà ní 2018, ara rẹ̀ ni ó máa ń fi rẹ́rìn-ín jù: ahun, oníwọra, ẹni tó fẹ́ là lóru kan. Kò nílò Haúsá tàbí Íbò láti pa wá lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò tíì kọ́ ìyẹn. Èmi náà mọ̀ pé wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà ní òṣómàáló, pé a máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí á fi sanwó. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò sẹ́ni tó tíì tìtorí ẹ̀ sun ilé mi.

Àmọ́ ìkórìíra tiwa gan-an, ti àdúgbò sí àdúgbò, ta ló ti fi ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín rí tó mú alága ìkórìíra fúnra rẹ̀? Mi ò tíì rí i. Bí mo bá lówó, ìtàn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ kó mú un, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọkùnrin kan wà nílùú kan, a ò ní dárúkọ ìlú, ó dá ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlú Gidi sílẹ̀. Àlejò kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan wọn. Ọjọ́ kìíní, ó lé mẹ́gáàdì rẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń sùn sẹ́nu géètì. Ọjọ́ kejì, ó fòfin de súyà. Wọ́n rán an létí pé òkè ọya ni màlúù pàápàá ti wá, ó bá ní kí wọ́n máa fi ìgbín se ọbẹ̀ ìpàdé. Táyà ọkọ̀ rẹ̀ jò, fọkanáísà kì í ṣe ọmọ ìlú, ọkọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí ara wọn: ìyá akọ̀wé, Ọ̀yọ́ ló ti wá, bàbá bàbá akápò, aṣọ ló gbé wá tà láti Iléṣà tí kò padà sílé mọ́. Lójoojúmọ́ ni àga ń ṣófo ní ìpàdé. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi alága joyè, ó wá gẹrun. Onígbàjámọ̀ ti gẹ apá kan orí rẹ̀ tán kí alága tó rántí béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ìyá tiyín ńkọ́, níbo ni wọ́n ti wá?" Onígbàjámọ̀ sọ òótọ́. Alága fò sókè, ó ní abẹ àlejò kò ní kan òun mọ́, ó gbé ìdajì irun wọ gbọ̀ngàn, fìlà lórí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ewé oyè lé e lórí, fìlà ní láti kúrò. Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹnìkan bá kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Irun ọmọ ìlú gidi nìyẹn!" Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ti fá ìdajì orí, ẹni tí irun rẹ̀ bá pé, àlejò ni. Apárí kan wà láàárín wọn tó ń sunkún, kò mọ apá ibi tí òun máa fá.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ tó jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ọmọ Ifẹ̀ ní àwọn Mọdákẹ́kẹ́ ni mò ń bá wí. Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ní rárá, Ifẹ̀ ni. Wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń jiyàn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù, tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ rántí Ogunde, ó ṣe é. Bí ẹ bá wá ibi tí ẹ ti máa yà á, mo yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù mi, tẹlifíṣọ̀n àti àga méjèèjì. Ẹ má wá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má sì wá ní ọ̀sẹ̀ Iléyá tàbí ti Kérésìmesì. Òṣèré tó máa ṣe alága, kó jẹ́ ẹni tó gbà kí n fá orí òun lóòótọ́, mi ò fẹ́ irun ìtàgé. Ìdajì orí ni màá fá, àmọ́ owó orí kan pérépéré ni màá gbà. Bí ẹ bá sì ní ó di ìgbà tí fíìmù bá tà, Ìjẹ̀ṣà ni mí o, ẹ ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà yín lórí òṣó.

Èmi ni tiyín,
Onígbàjámọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mayfair, Ilé-Ifẹ̀